Orúkọ Tí Ìyá Alte Fi Pamọ́

Ohùn èèyàn mẹ́ta ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlógún, bẹ́ẹ̀ èmi àti Bóbe Alte nìkan la wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ohùn kẹta yẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tèmi ni.

Tsipe Vaynrib lorúkọ mi. Montreal ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, nínú àṣà àwa Júù àti èdè Yídíìṣì tí àwọn òbí wa gbé bọ̀ láti ilẹ̀ Póláǹdì. Orí orúkọ ni mo kọ àpilẹ̀kọ mi lé: irọ́ wo ló tọ́ kí ọmọlúàbí pa láti gba ẹ̀mí ọmọ là? Ìbéèrè tó dùn ún bá ọ̀mọ̀wé sọ ni. Ó dùn mọ́ èmi náà nígbà náà.

Bóbe ni à ń pe ìyá àgbà. Alte kì í ṣe ìyá àgbà mi. Èmi ò ní ọ̀kankan, ogun ti kó wọn lọ kí wọ́n tó bí mi. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàdọ́rùn-ún ni Alte, òun nìkan ló sì kù láyé tó ń sọ Yídíìṣì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Krasnobrik, ìlú tí kò sí mọ́. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi gun àtẹ̀gùn irin tó wà níta ilé rẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé ti dé," ni yóò wí. "O ti jẹun, àbí ìwé lo jẹ wá?"

"Mo ti jẹun, Bóbe."

"Irọ́ lò ń pa. Ọrùn ẹ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tadìyẹ tí wọ́n ti fi se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Jókòó."

Yóò gbé tíì kalẹ̀, yóò fi eyín di horo ṣúgà kan mú, yóò sì máa mu tíì tirẹ̀ gba ara ṣúgà náà kọjá. Bó bá ti dáhùn ìbéèrè kan, mo máa ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Bóbe. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ó máa ń sín mi jẹ. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá kú, wàá kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Òun ló sọ ìtàn orúkọ rẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó bí i. Nígbà tí òun náà pé oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ohun tí àwọn èèyàn wa ń ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n gbé e gba ojú fèrèsé jáde fún aládùúgbò, wọ́n ní àwọn ti tà á, wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ dà. Wọ́n sọ ọ́ ní Alte, ìyẹn Arúgbó. Bí áńgẹ́lì ikú bá wá gbé ọmọ ọwọ́, wọ́n á ní arúgbó ló wà nílé yìí, yóò rò pé òun ṣi ilé yà, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ibà náà lọ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ àkọ́kọ́ yẹn mọ́.

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, Bóbe?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi ìyá mi. Ó gbá mi létí, òun náà ló tún wá ń sunkún. Mi ò bi í mọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Brukirer, tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí iṣẹ́ náà, ka ibi tí mo kọ ọ́ dé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Alte kì í ṣe orúkọ, Tsipe. Ìbòjú ni. Iṣẹ́ tí kò bá ní ẹ̀rí, àlọ́ ni. Lọ wá orúkọ yẹn."

Mo kọ lẹ́tà sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí ní Póláǹdì. Ní oṣù kejì ọdún, èsì dé: ẹ̀dà ojú ewé kan láti inú ìwé ìbí Krasnobrik. Ọdún bá a mu, orúkọ bàbá àti ìyá bá a mu. Mo jó nínú yàrá mi. Ẹ̀bùn ni mo rò pé mò ń gbé lọ fún un. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ohun tó lè mú kí ìyá kan gbá ọmọ létí nítorí ìbéèrè lásán. Mi ò bi ara mi.

Ìlànà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Kí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n wà. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi Alte bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní: "Sheyne-Gitl, ọmọ Khane, ará Krasnobrik. Ilé rẹ̀ la wà, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ilé búrẹ́dì."

Bóbe gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Kò wò mí. Ilẹ̀kùn ló ń wò.

"Tsipe, ta lo pè?"

"Ẹ̀yin ni, Bóbe. Orúkọ yín nìyẹn. Mo rí i."

"Èmi kọ́. Alte lorúkọ mi." Ó sọ ọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni pé èmi kọ́ ló ń sọ ọ́ fún.

A wá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin. Ẹni náà ò kánjú; ó ń gbọn yìnyín dànù lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò kan ilẹ̀kùn. Mo dìde, mo ṣí i. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ipa bàtà tèmi nìkan ló wà lórí yìnyín tó bo àtẹ̀gùn. Mo pa ilẹ̀kùn dé, ìgbà yẹn ni mo gbóòórùn aṣọ onírun tó tutù nínú yàrá, bí ìgbà tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kóòtù.

Bóbe dìde. Ó da omi kẹ́tùlù sínú síńkì. Ó da tíì tirẹ̀ nù, ó da tèmi náà, ó da omi tó wà nídìí òdòdó. Ó wá mú táwẹ́ẹ̀lì, ó fi bo dígí. Mo mọ ohun tó ń ṣe, mo ti kọ ojú ewé mọ́kànlá nípa rẹ̀. Bí èèyàn bá kú nílé Júù, wọ́n á da gbogbo omi ilé nù, torí inú omi ni áńgẹ́lì náà ti ń fọ ọ̀bẹ rẹ̀, wọ́n á sì bo dígí. Àwọn tó kù láyé ló ń ṣe é. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹni tó fẹ́ kú fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

"Bóbe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ta ni kó bá mi ṣe é? Mi ò bímọ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màá fún yín lórúkọ mìíràn. Nísinsìnyí. A ó pa á dà bíi tìjọ́sí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí lo fẹ́ sọ mí, Arúgbó? Mo ti darúgbó, ọmọ mi. Irọ́ yẹn ti di òótọ́."

Ó padà sórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Bó ṣe kú nìyẹn. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé.

Ẹnu mi yìí ni mo fi pa á. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́; mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mo ṣì là á mọ́lẹ̀. Ogun ò rí i pa, ebi ò rí i pa, èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ ló wá júwe ilé rẹ̀. Mo gba oyè náà o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní orí kẹta ló dára jù. Orúkọ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lè gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Mi ò rántí pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ló gbà sílẹ̀. Gbàrà tí ilẹ̀kùn padé, ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Yídíìṣì Krasnobrik pọ́nńbélé.

"Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n rán mi wá gbé," ló wí. "Kò sílé tí mi ò tíì yà."

"Mo mọ̀," ni Bóbe dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ da omi nù."

Mo dúró tì í nígbà náà, mi ò sì gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ń dà, èmi ń bẹ̀bẹ̀, bí mo ṣe rántí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹkún mi tẹ̀ lé e. Ohùn náà tún wá sọ̀rọ̀, ó ti sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Ta ni kí n sọ pé ó júwe ilé fún mi?"

Ẹkún náà dáwọ́ dúró. Ohùn tèmi dáhùn, ó balẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tí mo bá ń bẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì: "Tsipe, ọmọ Rokhl, ará Montreal."

"O ṣé," ló wí. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."