Pèpéle Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ ló ní kí n tú. Púlọ́ńbà ni mí. Òun ni ẹnjiníà obìnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ omi àdúgbò wa lé lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé garawa omi yìí láti ilẹ̀ ka orí yín. Kẹ́nikẹ́ni má bá yín gbé e o."

Mo gbé e. Omi wẹ̀ mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní, ó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. "Àwọn obìnrin ló ń pọnmi níbí. Ẹ jẹ́ ká mọ pèpéle tó dé èjìká wọn sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí wọ́n lè máa ti ibẹ̀ gbé garawa rù."

N kò ní parọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Kí páìpù tó dé òpópónà kejì, "ọ̀gá mi àtàtà" ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní "olólùfẹ́ mi".

Ìyá mi kò gbà kí n fẹ́ ẹ.

"Ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹ níbi iṣẹ́, tó ń gun táńkì? Ta ni yóò jẹ́ olórí ilé?"

Ó dùn mí wọra. Òun nìkan ló tọ́ mi, n kò sì lè gbéyàwó tí kò bá fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán pèpéle wò, ọ̀gá mi ní kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ pọnmi. Ta ni mo rí láàárín wọn? Ìyá mi. Ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n panu mọ́.

Ọrùn ń dùn ún, kì í ru nǹkan mọ́. Ọwọ́ ló fi ń gbé garawa. Kò lè sọ garawa tó kún kalẹ̀ láti òkè yẹn.

"Ìyá kan ṣoṣo nìyẹn," alága àdúgbò ní. "Ọ̀la la máa ṣí omi."

"Omi tìyá náà ni, bàbá. Ẹ jẹ́ á sún un síwájú." Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Màámá, ibo lẹ fẹ́ kó dé?"

Ìyá mi fọwọ́ kan ìbàdí. Ọ̀gá mi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lára ògiri, ó ní kí wọ́n po sìmẹ́ńtì fún pèpéle kejì.

Nígbà tí a délé, ìyá mi gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé kò mọ̀ pé ìyá ẹ ni mí?"

"Kò mọ̀, Màámi."

"Ibo làwọn òbí ẹ̀ ń gbé?" Ó ń wá gèlè rẹ̀. "Mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ ọmọ lọ́wọ́ wọn, kí n tó tọrọ ẹ̀."