Ohùn Àbíkẹ́yìn Inú Àwo

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní àlọ́, kó yáa lọ wá ìjàpá tí yóò fi sí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Kò sí iwin, kò sí igbó. Ilé-ìwé ni, ní Ìkẹjà, lọ́dún 1958, lójú ọ̀sán gangan, níṣojú ọmọ mẹ́tàlélógójì àti alábẹ̀wò ìjọba kan tó wọ ṣòkòtò péńpé. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn ń lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì dáná láti àárọ̀.

Ìbídùn ni orúkọ tíṣà wọn. Ará Ìjẹ̀bú ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì ti gbé e lọ sí òkè Ọya, nítorí náà òun, ìyá rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé nínú yàrá méjì lẹ́bàá ojú irin. Àjíṣọlá ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún méje. Ọmọ tó lẹ́nu ni. Láti ìgbà tó bá ti jí títí oorun fi máa gbé e lọ, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀, ó ń bá ọṣẹ sọ̀rọ̀, bí ọkọ̀ ojú irin bá sì ń kọjá, á béèrè ibi tó ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìyá rẹ̀ á bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí etí òun sinmi. Ẹ̀bẹ̀ yẹn dun Ìbídùn títí ó fi darúgbó.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ kún ilé-ìwé nígbà náà débi pé bẹ́ǹṣì kò tó. Lẹ́yìn ọgbà, katakata ń wó oko obì lulẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí tíṣà gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Inú Ìbídùn dùn gan-an nígbà tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fi gìrámafóònù kan àti àwo orin kan ránṣẹ́ sí i, pé kó fi kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ohun èlò orin òyìnbó. Alábẹ̀wò yóò wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ìbídùn, tí wọ́n ṣì gbà fún ìgbà díẹ̀, yóò di tíṣà tòótọ́.

Àwo náà dúdú, ó sì wúwo. Bébà pupa wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ nǹkan kan sí i. Ọkùnrin kan ló ń sọ ìtàn nínú rẹ̀, Yorùbá ló sì fi ń sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó ti èèyàn lórí ẹní. Ìbídùn gbìyànjú láti mọ ìlú tí ọkùnrin náà ti wá. Kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Kì í ṣe Ẹ̀gbá, kì í ṣe Èkìtì, kì í ṣe Ọ̀yọ́.

Ìtàn ìdílé kan tó lọ sóko ni. Bàbá ni gòjé ńlá òyìnbó, èyí tó ga ju èèyàn lọ, tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ìyá ni gòjé kékeré. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ni kàkàkí, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ni fèrè. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti dún tán, ọkùnrin náà á béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Á wá dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè dáhùn. Wọ́n á pariwo pé Bàbá ni, wọ́n á ní Ìyá ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀.

Ìparí rẹ̀ nìkan ni kò yé Ìbídùn. Ilẹ̀ á ṣú nínú ìtàn náà, àwọn ará oko á délé, ọkùnrin náà á sì wí pé, "Ó ku àbíkẹ́yìn wọn. Kò tíì rí ohùn. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é." Orin tán nìyẹn. Abẹ́rẹ́ á kàn máa họ àwo náà, ṣáá, ṣáá, títí yóò fi dé àárín. Ìbídùn rò pé ìyókù rẹ̀ wà lódì kejì. Ó yí i padà. Òdì kejì ń dán bí ojú omi, kò sí ilà kankan lára rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àjíṣọlá ẹlẹ́nu yìí, tó wà nínú kíláàsì ìyá rẹ̀, kì í dá àwo náà lóhùn. Bí àwọn yòókù bá ń pariwo, á di ètè pọ̀, á kọjú sí fèrèsé tó jókòó tì. Ìbídùn bi í léèrè nílé. Ọmọ náà ní ìyá àgbà ló sọ fún òun pé bí ẹnikẹ́ni bá pe òun, tí òun kò rí onítọ̀hún, òun kò gbọdọ̀ jẹ́ ìpè náà. Ìyá àgbà, Ojúọlápé, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbé orí sókè. Ó ní lóòótọ́ lòun sọ ọ́, àti pé òun sọ ọ́ fún Ìbídùn pàápàá nígbà tó wà ní kékeré, àfi bí ìwé ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ó ní èèyàn kọ́ ló ń pè, ẹ̀rọ ni. Ìyá rẹ̀ fèsì pé ohun tí òun ń wí gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ni alábẹ̀wò dé. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró ni. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ lé itan. Katakata dákẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá awakọ̀ rẹ̀ lọ jẹun ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀hún pọ̀ jù. Ìbídùn yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo, nǹkan sì ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Gòjé dún, wọ́n dáhùn. Kàkàkí dún, wọ́n dáhùn. Alábẹ̀wò ń mi orí pé ó dára.

"Ó ku àbíkẹ́yìn wọn," ni ọkùnrin inú àwo wí. "Kò tíì rí ohùn."

Ìbídùn na ọwọ́ láti gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

"Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò tíì dáhùn."

Ọwọ́ Ìbídùn dúró lókè. Ó ti gbọ́ àwo yẹn tó ìgbà ogún, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó bà á gan-an. Gbogbo kíláàsì yí ojú sí Àjíṣọlá. Alábẹ̀wò ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ṣe àwo náà mọ iṣẹ́ wọn, nítorí kò sí kíláàsì tí ọmọ kan kì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ọkàn rẹ̀ wà níta. Ó wá béèrè ìdí tí èyí kò fi dáhùn.

"Àjíṣọlá," ni Ìbídùn wí, "dá wọn lóhùn."

Ọmọ náà dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ìyá àgbà ní kí n má jẹ́ ìpè ẹni tí n kò rí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ojú ti Ìbídùn. Ọmọ tirẹ̀, ọmọ tíṣà, ló dúró níwájú ìjọba, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ará ayé àtijọ́. Ìtìjú lágbára ju ẹ̀rù lọ. Ẹni tó bá ti jẹ tíṣà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì ń họ àwo. Ó yẹ kó ti dé àárín. Kò dé ibẹ̀. Ìbídùn mú pàṣán lórí tábìlì. Kò gbé e sókè, ó kàn mú un dání.

"Mo ní kí o jẹ́ ẹ."

Àjíṣọlá wo ojú ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹ̀rọ náà, ó sì kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Èmi rèé, sà."

"A dúpẹ́," ni ọkùnrin náà wí. Àwo náà sì dúró fúnra rẹ̀.

Alábẹ̀wò pàtẹ́wọ́. Ó ní kí Ìbídùn máa retí lẹ́tà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Ìbídùn ń bá ọmọ rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ṣàlàyé ohun tí àwo jẹ́ àti ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń ṣàlàyé fún jù. Wọ́n ti dé ojú irin kó tó fura pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Agége ń kọjá. Àjíṣọlá gbé ojú sókè wò ó, ó la ẹnu, ètè rẹ̀ ń lọ, ahọ́n rẹ̀ ń yí. Ohùn kankan kò jáde.

Dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Àlùfáà gbàdúrà. Ìyá àgbà fi oyin ra á lọ́fun láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ náà ń jẹun, ó ń ṣeré, ó sì ń sunkún nígbà mìíràn, omijé nìkan, láìsí ohùn. Ilé wọn pa rọ́rọ́. Lẹ́tà alábẹ̀wò dé pé Ìbídùn ti di tíṣà tòótọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi í sábẹ́ ẹní.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó pa dà lọ sí kíláàsì, òun nìkan. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Gòjé ńlá dún, fèrè dún, ó sì dé ìparí.

"Ó ku àbíkẹ́yìn wọn," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ti rí ohùn."

"Èmi rèé, sà."

Àjíṣọlá ni. Ọ̀nà tó ń gbà fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ni, tìtìjú-tìtìjú. Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gìrámafóònù kì í gba ohùn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti kọ sára àwo ló ń kà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pe ọ̀gá ilé-ìwé wá gbọ́ ọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní àwo tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ fún òun pé ó wà nínú rẹ̀. Ó wá bẹ Ìbídùn pé kó gbé àwo náà àti ẹ̀rọ lọ sílé, kó má gbé wọn pa dà wá mọ́.

Nílé, Ìbídùn gbé òòlù sókè láti fọ́ àwo náà. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí o bá wó ilé," ni ìyá wí, "ibo ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò gbà jáde?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fọ́ ọ. Ìbídùn wá di ẹni tó ń gbé e sí i lójoojúmọ́ bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n irú àwo bẹ́ẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gùn ún ló ń jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ohùn náà ti ń fẹ́lẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti òdìkejì ojú irin. Ìbídùn á búra pé òun kò ní gbé e sí i mọ́, á gbìyànjú fún ọjọ́ méjì, ọkàn rẹ̀ á sì kọ̀. Bí Àjíṣọlá bá ti rí i tó ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, á sá lọ sẹ́yìnkùlé.

Òjò oṣù keje ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Ìyá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú. Fèrè ìparí iṣẹ́ ti dún níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti kọjá tán, òjò nìkan ló kù lójú páànù. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú páálí. Ìbídùn ní òun á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ó gbé e sórí àwo.

Gòjé ńlá kò dún. Kàkàkí kò dún. Kò gbọ́ ohùn ọkùnrin náà.

"Ìdílé kan wà," ni Àjíṣọlá wí nínú àwo, ketekete, bí ẹni tó wà nínú yàrá. "Ìyá kan wà nínú ìdílé náà. Tíṣà ni."

Ìbídùn gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àjíṣọlá ti wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ẹ̀rọ náà.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ohùn náà wá dákẹ́, irú ìdákẹ́ tí àwo náà máa ń dá fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè dáhùn. Ìbídùn yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà mi orí, rárá. Ó tún mi orí. Ìbídùn ronú pé bí òun bá dáhùn, bóyá ohùn ọmọ òun á pa dà sí i lọ́rùn. Ó sì ronú pé bóyá tòun náà á wọnú ibẹ̀ lọ, kò ní sí ẹni tí yóò máa bá ọmọ tó wà níbí sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ń họ. Kò dé àárín.

"Màámi, ṣé ẹ kò fẹ́ mi mọ́ ni?"

Àjíṣọlá sáré wá, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ náà tutù fún òjò. Lábẹ́ rẹ̀, ètè Ìbídùn ti ń là.