Ọmọ Kétu Méjì ní Ọ̀sákà

Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lókè, bàtà lọ́wọ́, agboòrùn pupa lórí: bí Fẹ́milọ́lá ṣe dúró nìyẹn lọ́jọ́ tí Cyriaque kọ́kọ́ rí i. Oòrùn ọ̀sán ń jó àwọn èèyàn lórí ìlà tó gùn bí ọ̀nà oko. Ìlú Ọ̀sákà ni wọ́n wà, ní Jápáànù, níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti kọ́ àgọ́ tirẹ̀ kí ayé lè wá wò ó.

"Ẹsẹ̀ mi ti kú o," ọmọbìnrin náà ń dá sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin gogoro yìí náà tún wá dúró síwájú mi bí igi àràbà. N kò rí nǹkan kan."

Igi àràbà yíjú padà. "Ẹ má bínú," ó fèsì bí ọmọ Kétu gan-an ṣe ń sọ ọ́. "Ìyá mi ló bí mi gogoro. Ẹ bọ́ síwájú."

Bàtà já bọ́ lọ́wọ́ Fẹ́milọ́lá. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú gbogbo èèyàn tó kún ibẹ̀ bí eéṣú, ta ni ì bá rò pé ẹni tí òun ń bú gbọ́ èdè òun?

"Ọmọ ibo ni yín?"

"Okpomèta, lágbègbè Kétu. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ni mo ti ń kọ́ nípa ilẹ̀ oko. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kétu. Àgọ́ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń gba àlejò. Òní ni ọjọ́ ìsinmi mi." Ó wolẹ̀. "Ẹ forí jì mí."

"Orí tó ga báyìí? Ó ti jì yín."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Òrùka ńlá kan tí wọ́n fi igi kọ́ ló yí ibi ìpàtẹ náà ká, ó ga débi pé èèyàn lè máa rìn lórí rẹ̀ kí ó máa wo òkun. Àgọ́ Báháráìnì dà bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará Nẹ́dálándì gbé bọ́ọ̀lù ràgàjì kan sáàárín ilé wọn, ó ń tàn bí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Àwọn ará Usibẹkisítáànì sì ri òpó igi sórí ilé wọn títí ó fi di igbó.

"Tí wọ́n bá ní kí ìwọ kọ́ àgọ́ Kétu síbí," Fẹ́milọ́lá bi í, "kí lo máa fi kọ́ ọ?"

"Yẹ̀pẹ̀ pupa. Láti oko bàbá mi."

"Ta ló máa rù ú wá?"

"Ìwọ ni. Ṣebí o ní n kò jẹ́ kí o rí iwájú? Tí ẹrù bá wà lórí rẹ, wàá gùn jù mí lọ."

Ó fi agboòrùn gbá a léjìká.

Ṣùgbọ́n Cyriaque kíyè sí nǹkan kan. Bí ọ̀sán bá ti ń yẹ̀, ara ọmọbìnrin náà kì í balẹ̀ mọ́. Á máa wo pọ́ọ̀tábù rẹ̀, ẹ̀rín á tán lójú rẹ̀, á sì lọ sí kọ̀rọ̀ lọ pe ilé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wọ àgọ́ Lúsẹ́ńbọ̀ọ̀gì, níbi tí àlejò ti ń jókòó sórí àwọ̀n tí wọ́n ta sókè, tí àwòrán ìlú náà sì ń kọjá lábẹ́ wọn bí ẹni pé wọ́n ń fò. Gbogbo èèyàn ń pariwo ayọ̀. Fẹ́milọ́lá ń wá ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀.

"Ṣé àwọ̀n yìí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Kì í ṣe àwọ̀n. Iná pọ́ọ̀tábù mi ti tán. Ilẹ̀ ti mọ́ ní Kétu, bàbá mi sì ń dúró."

Cyriaque na tirẹ̀ sí i. Fẹ́milọ́lá tẹ nọ́ńbà ilé wọn láti orí. Ohùn àgbàlagbà kan ké láti ọ̀nà jíjìn: "Ta nìyẹn? Ọmọ mi dà? Kí ló ṣe é?"

"Bàbá, èmi ni. Ara mi le."

Nígbà tí wọ́n jáde, Fẹ́milọ́lá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sọ fún un. Parfait ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ kí ó lè dé Yúróòpù. Ó pe ilé láti Agadẹ́sì, ìlú etí aṣálẹ̀, ó ní àwọn ń gbéra. Láti ìgbà náà, ọdún ń gorí ọdún, kò sí ohùn.

"Bàbá mi kò gbà pé ó kú. Kò sì rí i kí ó gbà pé ó wà láàyè. A kì í kọrin nílé wa mọ́, Cyriaque. Fáádà ìjọ wa ló bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ́ kí n wá síbí, mo sì búra pé n ó máa pè é lójoojúmọ́."

Cyriaque jókòó tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí ìpàtẹ ń parí lọ, Cyriaque sọ fún un lórí òrùka igi náà pé òun máa wá rí bàbá rẹ̀.

"Kò ní gbà," ni Fẹ́milọ́lá wí. "Ẹ̀kọ́ rẹ kò tíì tán, o máa padà síbí. Kò ní fi mí fún ẹni tó ń rìnrìn àjò."

"N ó wá."

"Tó bá lé ọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó ti rí mi nìyẹn, olówó orí ẹ."

Fẹ́milọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì di apá rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ìpàtẹ parí, ó padà sí Kétu. Ọyẹ́ dé. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kí Cyriaque sọ̀kalẹ̀ ní Kùtọ̀nù, Fẹ́milọ́lá pè é, kò wọlé. Ó tún pè é, kò wọlé. Ó lọ dúró létí títì, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tí ọ̀kadà zẹ́mìjàn gbé kọjá. Kò jẹun. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí bàbá rẹ̀, Clément, wá dúró tì í.

"Ta lò ń retí?"

Omijé ló fi dáhùn.

Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn, ọmọ mi. Lójoojúmọ́."

Ọjọ́ kejì ni Cyriaque dé, eruku pupa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ló pẹ́ lọ́nà, ó sì gbàgbé pọ́ọ̀tábù sínú tákísì. Fẹ́milọ́lá kò mọ̀ bóyá kí òun dì mọ́ ọn ni tàbí kí òun lù ú. Ó kọ́kọ́ lù ú.

Cyriaque àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ kí Clément. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá. Bàbá gba wọ́n dáadáa, ó fún wọn ní omi.

"Ilé ire lẹ ti wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n àkọ́bí mi kò tíì dé. N kò lè máa jẹ adùn nígbà tí n kò mọ ohun tí ó ń jẹ. Tó bá dé, ẹ padà wá."

Wọ́n gbọ́ ẹkún ìyá Fẹ́milọ́lá láti ẹ̀yìnkùlé.

Cyriaque kò dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá a lọ?"

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní ọmọ ìlú Idigny kan wà láàárín wọn. Táòfíkì. Mo wá a títí, àwọn èèyàn rẹ̀ ní kò sí."

Cyriaque bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Ó bi àwọn ọlọ́kadà léèrè, ó bi àwọn tó ń ra àgbàdo káàkiri oko léèrè. Ẹnìkan sọ fún un nígbẹ̀yìn pé Táòfíkì ti padà dé, pé abúlé oko ló ń gbé, kì í wọ ìlú. Fẹ́milọ́lá bá a lọ. Oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bá a. Bí ó ti gbọ́ orúkọ Parfait, ó jókòó sórí ebè.

"Ọkọ̀ wa bàjẹ́ sáàárín aṣálẹ̀," ó ní. "Omi tán. Ọwọ́ mi ló kú sí. Mo fi ọwọ́ wa iyanrìn, mo sin ín. Mo ṣe àdúrà tiwa fún un, nítorí n kò mọ tiyín." Ó ń wolẹ̀. "Mo ti dé ẹnu ọ̀nà bàbá yín rí. Mo padà."

Wọ́n ti ọ̀kadà wọn jáde sójú ọ̀nà, wọn kò lè gùn ún. Fẹ́milọ́lá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Tí a bá sọ ọ́ fún bàbá rẹ," Cyriaque wí jẹ́jẹ́, "ó lè wó o lulẹ̀. Ó sì lè kórìíra mi títí ayé, torí èmi ni mo wá a jáde. Ìwọ ló ni ín, olólùfẹ́ mi. Ohun tí o bá wí ni."

"Ọjọ́ kan péré ni mo dúró létí títì, mo fẹ́ẹ̀ ya wèrè. Òun ṣì wà níbẹ̀ títí dòní." Ó nu ojú. "Jẹ́ ká padà lọ mú Táòfíkì."

Clément gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bi Táòfíkì pé, "Ìwọ lo bò ó?"

"Èmi ni, bàbá. Ọwọ́ mi yìí ni."

Bàbá dìde. Gbogbo wọn rò pé yóò lù ú. Ó gbá ọwọ́ méjèèjì náà mú, ó wò wọ́n, ó gbé wọn lé ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Cyriaque.

"Ìwọ, jáde nílé mi."

Cyriaque wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Kò sí ìránṣẹ́, kò sí ìpè. Ọjọ́ tí yóò padà sí Jápáànù sì ń sún mọ́lé. Fẹ́milọ́lá kò lè bi bàbá rẹ̀, nítorí ilé kún fún àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Wọ́n ṣe Máàsì fún Parfait. Ẹ̀yìn pátápátá ni Cyriaque jókòó sí, ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe jáde, Clément la àárín èrò kọjá, ó lọ bá a. Cyriaque dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Dìde," bàbá wí. "Ṣé inú ń bí ọ pé mo lé ọ?"

"Rárá, bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹkún ń bọ̀ lójú mi lọ́jọ́ náà. N kò fẹ́ kí àna mi rí i."

Fẹ́milọ́lá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbọ́ ọ. Ó di apá ìyá rẹ̀ mú.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, láìpe èrò púpọ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé wọn lórí. "Ẹ lọ," ó ní. "Kí ẹ sì bọ̀."

Nígbà náà ni ìyá dá orin. Ó kọ́kọ́ rọra dá a bí ẹni tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àwọn obìnrin ilé sì gbè é. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù wọn lórí, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá ilé Clément ni orin náà ti ń wá.