Ìràwọ̀ Tó Ń Kú Lókè Hanle

Ọmọbìnrin kan tan iná mọ́tò gun òkè ìràwọ̀ lálẹ́! Ní abúlé Hanle tiwa yìí, níbi tí kálukú ti ń fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé kí iná má bàa ba ojú ọ̀run jẹ́! Jigmat, tó ń bójú tó awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, fìbínú sáré jáde. Àmọ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà, Yangskit, sọ̀ kalẹ̀, tí irun ewúrẹ́ tó ń kó lọ tà kún orí rẹ̀, tí òtútù ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, èébú pòórá lẹ́nu ọmọkùnrin.

"Jọ̀ọ́, pa iná yẹn. O ti ba àwòrán ìràwọ̀ mi jẹ́."

"Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá ìràwọ̀. Ṣé wọ́n ti sá lọ ni?"

"Wá wò wọ́n fúnra rẹ."

Ó fi àwòrán ìràwọ̀ kan hàn án, tó wúwo ju oòrùn ogún lọ, tó ń kú lọ. Ìjì ara rẹ̀ ló ń bó o láwọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń mú èéfín tó bọ́ sílẹ̀ náà pọ́n yòò yí i ká.

"Yéè! Ó ń kú, ó sì lẹ́wà tó báyìí?"

"Ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀ yẹn ni ìràwọ̀ mìíràn á fi di ìràwọ̀."

Kí n má purọ́, láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò Yangskit kò ní ṣàìsàn lẹ́sẹ̀ òkè yẹn.

Ìgbà tó yá, àwọn ará ilé Jigmat gbé ìkòkò ọtí báálì lọ bá Targais, bàbá Yangskit. Bí bàbá bá mu ún, ó ti fọmọ fọ́kọ nìyẹn. Targais kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé ìkejì lọ, ó ní kí wọ́n gbé e padà.

"Ìyá ẹ kú lọ́dún tó kọjá," ó sọ fún Yangskit. "Ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Mi ò lè fún ẹni tó ń ṣọ́ ikú ìràwọ̀ lọ́mọ."

Yangskit sunkún títí lọ bá Jigmat. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní bá ẹ sá lọ. Bí bàbá mi ò bá mu ún, ó parí nìyẹn."

Jigmat lọ dọ̀bálẹ̀ fún Targais. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo ikú tó ń bẹ̀rù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá kùn, ó kùn, ó bá Jigmat àti Yangskit gòkè. Jigmat gbé ìkòkò kẹta dání.

Targais wo àwòrán náà pẹ́.

"Bàbá, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, inú irú ìràwọ̀ tó kú bẹ́ẹ̀ ló ti wá."

Àgbàlagbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ti ìyá Yangskit náà?"

"Tiwọn náà, bàbá. Ti Yangskit náà."

Omi bọ́ lójú Targais. Ó ní kí ọmọ òun bu ọtí sí ife wá. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó wọ́n ọn sókè lẹ́ẹ̀mẹta láti fi júbà ọ̀run, ó sì mu ún tán.

Ó na ife náà sí Yangskit.

"Bu òmíràn. Ọkọ ẹ ò tíì mu."