Ẹni Tó Wà Lójú Omi

Òjìji mi ló kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò yẹ. Mo dúró sí èbúté ní ìdájí, mo kẹ́yìn sí omi, mo kọjú sí iná tí Tísà, àlejò wa, gbé wá. Ẹni tó bá kọjú sí iná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òjìji rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Tèmi nà síwájú, ó lọ gbórí lé ìdí òpó iná náà. Mo yíjú padà, bóyá iná mìíràn wà lójú omi. Kùrukùru nìkan ni mo rí.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lásìkò náà, bí ènìyàn bá ní òun rí nǹkan lójú omi, ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, "Ṣé wọ́n gbé ìbọn dání?"

Ìjà odò ló dé. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìbọn ti gba ẹnu odò. A kò mọ ẹni tó rán wọn, a kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà gan-an. Ohun tí àwa tó ń gbé lẹ́bàá Zion Pẹpẹ mọ̀ kò ju pé, bí kùrukùru bá bo omi, tí apẹja bá ṣìnà díẹ̀ sápá òsì, ọ̀dọ̀ wọn ló máa já sí. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣèyí, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti Àrìnpé bí, ṣe gbé àwọ̀n edé jáde nígbà òjò. A rí ọkọ̀ rẹ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa bí ìgbà tí ènìyàn bá ti délé. A kò rí òun.

Àwọn ará ìlú ń kó lọ sí Mahintedo díẹ̀díẹ̀. Àrìnpé kò gbà.

"Bó bá dé, ta ló máa bá nílé?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Iṣẹ́ mi ni kí n ri òpó, kí n ru ẹrù, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí n kì í rò ó pé, bí ọlọ́kọ̀ ìbọn bá wọ ìlú, ibi tí ìyàwó mi ti ń retí ọmọ ni wọ́n máa pa á sí.

Ìgbà náà ni Táyé ọlọ́kọ̀ gbé Tísà dé. Roqeebah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, olùkọ́ ní yunifásítì. Ó fẹ́ gbé iná kan sí èbúté tí yóò la kùrukùru kọjá, kí àwọn apẹja lè rí ọ̀nà ilé. Ó gbà mí síṣẹ́ kí n ri òpó rẹ̀.

Nígbà tó tú ẹrù, Táyé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Tísà, ṣé èyí náà lẹ rù wá láti òkè? Tanátaná etí omi wa jù ú lọ!"

Tísà rẹ́rìn-ín. Wóró iná pọ̀ lórí pátákó tó mú jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó wóró ìrẹsì. Ó ní kì í ṣe gúlóòbù. Ìpele lórí ìpele ló wà nínú wóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí ìpele ṣe nípọn sí àti bí agbára iná tó ń gbà á kọjá ṣe tó ló ń sọ àwọ̀ tó máa tàn.

"Bí ènìyàn bá ní kí òun gbìyànjú gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa darúgbó sídìí ẹ̀," ló wí. "Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà yìí ní bí wọ́n ṣe ń tàn. Ó máa méfò, á tàn án, á wo ibi tó ti ṣìṣe, á tún méfò. Ó ń wá iná tó dára jù lọ fúnra rẹ̀."

"Ṣé ó ń jẹ púpurú?" Táyé bi í.

"Oòrùn ló ń jẹ, ẹ̀gbọ́n."

"Á jẹ́ pé ó sàn ju ìyàwó mi lọ."

Tísà wá fún mi ní àpótí kékeré kan tó ní bọ́tìnì méjì. Bí ẹnì kan bá lọ sójú omi, kí n tẹ tòkè. Bó bá dé, kí n tẹ tìsàlẹ̀. Ó ní òun ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kó máa tún iná ṣe títí iye tó wà nínú àpótí yóò fi di òfo, kí ó má ṣe sinmi bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù.

"Bàbá Ṣèyí, àwọn wo ló wà lójú omi báyìí?" ó bi mí.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí omi bá gbé lọ, tí a kò rí òkú rẹ̀ sin, a kì í pè é ní òkú. À ń ní ó wà lójú omi. Bí wọ́n bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ Àrìnpé, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, mo tẹ bọ́tìnì fún àwọn tó lọ pẹja láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́ fún ọkọ Moríkẹ́ àti Jọọlá, tí àwọn náà kò tíì dé láti ìgbà òjò, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún Ṣèyí.

Iná náà ṣiṣẹ́. Funfun ni níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pọ́n díẹ̀ bí epo, kùrukùru sì ń là fún un bí aṣọ tó gbó. Àwọn apẹja ń wọlé. Àwọn obìnrin ń ki Tísà, wọ́n ń gbé ẹja fún un.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọkọ̀ bá ti wọlé tán, àpótí kì í di òfo, iná kì í sì í sinmi. Ó ń yí àwọ̀ padà. Ó wá dé orí àwọ̀ kan tí n kò lórúkọ fún. Bí mo bá wò ó, eyín máa ń dùn mí. Edé tí Àrìnpé tẹ́ sórí àtẹ láti yan, gbogbo wọn yí ojú sí i.

"Ó ti kọjá ohun tí mo kọ́ ọ," Tísà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ń méfò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí. Kí ló kù tó ń wá?"

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí òjìji mi yí padà, ọkọ̀ Táyé ló kù tó máa kó wa lọ. Ìró ìbọn ti ń dún lẹ́yìn igi ẹ̀gbà. Kùrukùru nípọn. Táyé ń pariwo pé, "Bàbá Ṣèyí, ẹ gbé ìyàwó yín, ẹ jẹ́ ká lọ!" Tísà gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó wò ó.

"Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé. Àwọn wo ló kù nínú èyí?"

Mo dárúkọ wọn.

"Ìgbà wo ni wọ́n lọ?"

"Ìgbà òjò."

Ó yíjú wo iná náà. "Bàbá, mo ní kó má sinmi títí gbogbo wọn á fi dé."

Ó sáré fa wáyà kúrò lára bátìrì. Iná náà kò kú. Ó tilẹ̀ tàn sí i. A wá gbọ́ àjẹ̀ nínú kùrukùru, ó ń wa omi díẹ̀díẹ̀, bí àjẹ̀ ẹni tó ti rẹ̀. Ọkọ̀ Ṣèyí sì wà ní dídè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Bàbá."

Ohùn ọmọ mi ni. Àrìnpé ti wà nínú omi dé ìbàdí kí n tó mí.

"Bàbá, ẹ bá mi pa iná yẹn. Mo ti sùn. Kò jẹ́ kí n sùn."

"Máa bọ̀, ọmọ mi," Àrìnpé ń wí. "Máa bọ̀, ó kù díẹ̀."

"Ìyá mi, ó ń fà mí lára ya."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo gba àpótí lọ́wọ́ Tísà. Mo ní, "Ọkọ Moríkẹ́ kò sí lójú omi. Ó ti kú." Mo tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀. Iná náà rẹ̀ díẹ̀. Mo sọ ti Jọọlá, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún rẹ̀. Mo ní, "Ṣèyí, ọmọ mi, kò sí lójú omi. Ó ti kú."

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná padà di funfun lásán. Àjẹ̀ dákẹ́. Nínú kùrukùru, mo gbọ́ ẹnì kan tó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Àrìnpé jáde láti inú omi. Kò sunkún. Ó já àpótí gbà lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Èmi kò sọ ọ́."

Ó fi àtàǹpàkò lé bọ́tìnì òkè.

Táyé ń pè wá. Tísà ń bẹ Àrìnpé, ó ń pè é ní ìyá. Mo sáré gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, ó tutù bí ẹja. Iná bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ní àwọn rí ọwọ́ wa méjèèjì lórí bọ́tìnì náà. N kò lè bá wọn jiyàn. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá mo ń fà á kúrò ni, tàbí mo ń bá a tẹ̀ ẹ́.