Ojú Títì Ni Kí O Máa Wò

Inú ọkọ̀ tí ewu ti ń dúró dè wọ́n náà ni wọ́n ti pàdé. Lọ́jọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ wá kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ Tísà, fèrèsé ló kí, kì í ṣe Tísà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Ojú títì ni kí o máa wò o. Má wò mí rárá."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. Láti kékeré, tó bá ti wo ẹyinjú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ a máa já, ọ̀rọ̀ a sì pòórá lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n a ní ó ń gbéra ga, tàbí pé irọ́ ló ń pa. Ibí nìkan ni wọ́n ti ní kó má wo ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ wá là. Kó tó mọ jíà kẹta, Tísà ti mọ gbogbo ẹbí rẹ̀ tán, ìfẹ́ sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Tísà mú un lọ kí ìyá rẹ̀, ara ìyá ò balẹ̀.

"Ọkọ mi, mo mọ̀ pé ọmọ gidi kì í ranjú mọ́ àgbà. Àmọ́ ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà, kò wò ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹlòmíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Jẹ́ kó wò ọ́ lójú kó ní òun fẹ́ ọ. Bí kò bá lè ṣe é, mi ò ní tẹ ilé bàbá rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Tísà ti ń bẹ aránṣọ nídìí maṣíìnì rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré." Aránṣọ a gbójú sókè dé àgbọ̀n rẹ̀, omijé a dé. Ìfura bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Tísà. N ò mọ ohun tí ìfura ń jẹ tó fi ń tètè sanra bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, aránṣọ ló ń wa ọkọ̀. Tísà jókòó tì í.

"Bóyá ká fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí sílẹ̀," ó wí. "Màmá ò ní gbà. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè gbà gbọ́ mọ́."

Aránṣọ yíjú kúrò lójú títì, ó wo ẹyinjú Tísà, kò ṣẹ́jú.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìwọ nìkan ni."

Inú Tísà dùn dé ibi tó fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bíréèkì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń wo ojú tí kò rí rí. Fèrè ọkọ̀ akẹ́rù ló ta á jí. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù gé dígí ẹ̀gbẹ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n máa dúró, táyà iwájú kan ti wà lókè gọ́tà, kò kan ilẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá bá Tísà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti wò ọ́?"

"Ó ti wò mí níbi tó ti ń wa ọkọ̀, Màmá." Tísà jókòó sílẹ̀. "Ó kù díẹ̀ kí ẹ wá gbé òkú àwa méjèèjì. Mi ò ní ní kó wò mí mọ́ láéláé. Bí ẹ ò bá tẹ̀ lé mi lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀, màá dá lọ."

Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara mi pa ọmọ mi," ó wí. "Bá mi mú bàtà mi wá, ká máa lọ sílé wọn."