Omi Ni Wọ́n Wọ́n Sí Pápá, Kì Í Ṣe Oògùn

Bí èèyàn bá gba Málù Róòdù ní Ajégúnlẹ̀ kọjá ní ọjọ́ Ẹtì kankan lọ́dún 1987, yóò rí bàtà bọ́ọ̀lù tí wọ́n tò sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ Gbàdàmọ́sí aránbàtà, bí ìgbà tí wọ́n bá to garawa sídìí ẹ̀rọ omi. Òkìríkà ni púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn ti ya lẹ́nu, òmíràn kò ní okùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbé gbogbo wọn wá fún: kí Bàbá Gbàdàmọ́sí fá abẹ́ wọn.

Bàtà bọ́ọ̀lù ní àwọn kókó kan lábẹ́ tí àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ń pè ní sítọ́ọ̀dù. Pápá Ajégúnlẹ̀ kò sì ní koríko. Iyanrìn ni, oòrùn ti sá a títí ó fi le bíi símẹ́ńtì. Ẹni tó bá fi sítọ́ọ̀dù gígùn sáré lórí rẹ̀, ńṣe ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni tó ń rìn lórí ekùrọ́. Ìdí nìyẹn tí Gbàdàmọ́sí fi ń fi ọ̀bẹ gé orí sítọ́ọ̀dù, tí á tún fi fáìlì ha á títí á fi kù díẹ̀ kó bá abẹ́ bàtà dọ́gba. Láti ọdún mẹ́jọ tó ti ti Ìsẹ́yìn wá sí Èkó, iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kò sí ọmọ bọ́ọ̀lù kan ní àdúgbò náà tí kò mọ ìsọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fá tèmi dáadáa o!" Monday ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ùròbò ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń ru ẹrù ní wáàfù, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n ẹgbẹ́ wọn. "Ọ̀la kì í ṣe eré. Pápá kọ́ńpìnì là ń lọ, ní Àpápá. Ọ̀gá wọn fẹ́ mú ẹni méjì nínú wa sínú ẹgbẹ́ wọn, wọn á sì fún wọn níṣẹ́ ní sítọ́ọ̀. Iṣẹ́ gidi, Bàbá! Kì í ṣe iṣẹ́ wá lónìí, má wá lọ́la."

"Bí wọn ò bá mú ìwọ, ta ni wọ́n á mú?" Gbàdàmọ́sí fi fáìlì ha bàtà náà wàràwàrà. "Tí mo bá fá èyí tán, ńṣe ni wàá máa fò bí ẹyẹ."

Sàlímọ́tù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, gbójú sókè.

"Bàbá Yasir, ẹyẹ kì í wọ bàtà. Ṣé ẹ ti bi ọmọ yìí bí pápá ibẹ̀ ṣe rí?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ rí? Ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ́."

"Ilẹ̀ Ìsẹ́yìn àti ilẹ̀ Èkó, ṣé ọ̀kan náà ni?"

"Ìyá Yasir, ta omi rẹ."

Gbogbo àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Sàlímọ́tù pòṣé, ó padà sídìí omi rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́ nígbà tí Chukwudi, tó máa ń dí ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ náà, sáré dé pẹ̀lú bàtà lápá. Gbàdàmọ́sí ti kó ọ̀bẹ sínú àpò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ló kù!"

"O pẹ́. Ìrun kì í dúró de sítọ́ọ̀dù."

"Bàbá, ábẹ̀gi, ẹ ṣàánú mi."

"Lọ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn wàá tètè dé."

Chukwudi gbé bàtà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìkùnsínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ológbò, nítorí pé òun nìkan ló ní èékánná lábẹ́ ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Gbàdàmọ́sí ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó wọ agbádá kékeré kan, ó bá wọn lọ. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí iṣẹ́ ọwọ́ òun á ṣe sọ ọmọ wáàfù di òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì. Nígbà tí wọ́n dé pápá náà, tí kò jìnnà sí Wáàfù Róòdù, ẹnu yà á. Koríko ni látòkè délẹ̀, ó tutù minimini. Ọkùnrin Ìjọ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Diepreye lórúkọ rẹ̀, ń fi rọ́bà gígùn fọ́n omi sí i. Òun ni olùtọ́jú pápá náà. Bó ti ń fọ́n omi ni ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

Monday dúró gbagidi.

"Òjò ò rọ̀, oòrùn ń mú ganrínganrín, kí ni bàbá yẹn ń wọ́n omi fún? Ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ni?"

"Wo ẹnu ẹ̀," Martins, balógun ẹgbẹ́ wọn, dáhùn. "Ó ń pọfọ̀. Oògùn ni wọ́n ń wọ́n sílẹ̀ dè wá! Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi iwájú wọlé. Ẹ̀yìn ni ká fi wọ pápá yìí, oògùn náà ò ní dá wa mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn géńdé mọ́kànlá ṣe fẹ̀yìn rìn wọ pápá bí alákàn. Àwọn ará kọ́ńpìnì fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo àwọn tó fẹ̀yìn wọlé yìí, kò sí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ láti mọ bó ṣe rí.

Wọ́n fọn fèrè. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi dé ẹsẹ̀ Monday. Ó kù òun àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé nìkan. Ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó fìdí balẹ̀ gbì! Ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀. Martins náà yọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé Martins dìde yọ̀ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará kọ́ńpìnì ń sáré ní tiwọn bí ẹni pé orí títì ni wọ́n wà, wọ́n sì ti gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé. Nígbà tí Monday yọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kígbe.

Gbàdàmọ́sí di ọrùn agbádá rẹ̀ mú.

Ní àsìkò ìsinmi, àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò lọ mu omi. Diepreye ni wọ́n lọ bá. Martins fa ẹ̀wù rẹ̀ lọ́rùn.

"Mú oògùn náà jáde!"

"Oògùn wo? Ẹ̀rọ omi ni mo tan!"

"Kí lò ń pè lẹ́nu nígbà tó ò ń fọ́n ọn?"

"Orin ṣọ́ọ̀ṣì mi ni! Ṣé orin ti di oògùn lọ́dọ̀ yín ni?"

Ẹnì kan ti ṣẹ́ igi. Ẹlòmíràn ń ká apá ẹ̀wù sókè. Diepreye kò bú wọn, kò sì sá. Ó rọra bi wọ́n léèrè:

"Ẹ ní oògùn ni. Ó dáa. Nínú ẹ̀yin mọ́kànlá, ta ni kò ṣubú?"

Wọ́n wojú ara wọn. Gbogbo ojú wá dúró sára Chukwudi. Aṣọ rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé.

"Chukwudi ní ààbò," Martins sọ. "Ilé wọn lágbára."

"Ààbò wo?" Chukwudi fèsì. "Ìyá mi, aṣọ ló ń rán!"

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè," Diepreye wí. Chukwudi gbé e. Sítọ́ọ̀dù gígùn mẹ́fà wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ àti koríko rọ̀ mọ́ wọn. "Ìwọ tí orúnkún ń dùn, gbé tìrẹ náà." Abẹ́ bàtà Monday ń dán bí ẹ̀yìn àwo. "Ta ló fá bàtà yìí?"

Ẹni tó gbé igi kò tíì sọ ọ́ nù.

Gbàdàmọ́sí wà lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá yípadà, tó rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde, orúkọ tó fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ní Málù Róòdù kò ní bàjẹ́. Oògùn ni wọ́n á máa dá lẹ́bi títí ayé. Ṣùgbọ́n igi tó wà lókè orí aláìṣẹ̀ ń wò ó lójú. Ó fi èjìká la àárín wọn kọjá.

"Èmi ni. Ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ọ̀bẹ mi ló ṣe yín."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," Monday wí. "Gbogbo ìgbà lẹ máa ń fá a fún wa."

"Iyanrìn ni mo ń fá a fún! Mi ò bi yín ní pápá tí ẹ ń lọ. Ìyàwó mi ní kí n bèèrè, mo ní kó máa ta omi ẹ̀. Ẹ̀yin náà rí koríko, ẹ rí omi, ẹ ò bi ara yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn lẹ fi rìn!"

Ẹni tó gbé igi rọra sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa Chukwudi, ṣùgbọ́n ó kó ara rẹ̀ níjàánu.

Diepreye tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó, kí n là á yé yín. Bí a bá fọ́n omi sí koríko kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa sáré dáadáa, koríko ò sì ní kú. Ṣùgbọ́n omi a máa mú koríko yọ̀, á sì mú kí ilẹ̀ rọ̀. Sítọ́ọ̀dù gígùn ló ń wọlé di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Èyí tí wọ́n bá fá kò ní ohun tó máa fi di nǹkan kan mú. Ní pápá tiyín, èyí tó kúrú ló dáa, nítorí ilẹ̀ líle kì í jẹ́ kí gígùn wọlé, á kàn máa gbé ẹsẹ̀ sókè, orúnkún á sì yí. Pápá ló ń yan bàtà. Ẹnu kọ́, oògùn kọ́."

Ó ṣí yàrá rẹ̀, ó kó bàtà mẹ́fà tí àwọn ará kọ́ńpìnì kò lò jáde. Àwọn tí ó bá ẹsẹ̀ wọn mu wọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó bá Monday mu. Ó ní òun á ki bébà sínú èyí tó tóbi, Diepreye kọ̀. Ni Monday bá tún fa bàtà tirẹ̀ wọ̀, ó sì ń tiro lọ sí pápá.

"Iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀ yẹn, Bàbá. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Gbàdàmọ́sí kò bá a jiyàn. Ó mú un jókòó, ó bọ́ bàtà méjèèjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó sì jókòó lé wọn lórí.

"Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gbogbo ẹ̀yà mọ́tò ní Málù Róòdù," ó wí. "Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ta orúnkún. Jókòó."

Omi bọ́ lójú Monday. Ṣùgbọ́n ó jókòó. Ẹnì kan fẹ́ bá a fa ẹsẹ̀ náà, Diepreye ní kí wọ́n má dán an wò. Ó fi aṣọ wé yìnyín, ó gbé e lé orúnkún náà, ó sì ní bí wíwú rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Kọ́ńpìnì borí pẹ̀lú méjì sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó pààrọ̀ bàtà, kò sí ẹni tó tún fìdí balẹ̀. Ọ̀gá náà mú Chukwudi lójú ẹsẹ̀. Diepreye lọ bá a sọ̀rọ̀ nípa Monday. Ọ̀gá ní àyè kan ṣì kù, kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí orúnkún bá ti san.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà tó pé, Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀ lọ sí pápá yẹn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀, ó wo bó ṣe jin tó. Ó wá bàtà tó bá ẹsẹ̀ Monday mu rẹ́gí, ó rí i dájú pé sítọ́ọ̀dù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gùn dọ́gba. Nígbà tí ọjọ́ pé, Monday kọ́kọ́ rìn yí pápá ká, ó sáré díẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìkẹyìn, ọ̀gá ti bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin olùkọ́ wọn, ẹ̀yin aránbàtà, ẹ gbọ́. Kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kan bàtà, ẹ bèèrè irú pápá tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Ilẹ̀ líle àti iyanrìn ń fẹ́ sítọ́ọ̀dù kúkúrú. Koríko tútù ń fẹ́ gígùn. Ẹni tó bá gbé ti ibí lọ sí tọ̀hún ń fi orúnkún ta tẹ́tẹ́. Ẹ tètè dé pápá, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ sáré wò. Ẹ gbá ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà láàárín eré. Ẹ má wọ bàtà tó tóbi jù yín lọ nítorí pé ẹlòmíràn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá yí tó sì wú, ẹ jáde, ẹ gbé ohun tútù lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwọ tó sì ń wá ọ̀tá tó ti ọ́ ṣubú, má tíì ṣẹ́ igi. Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè ná, kí o wo abẹ́ bàtà rẹ.